Ibo Ni Ká Tọ́jú Fídíò Kámẹ́rà Ilé àti Oko Wa Sí?

Ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti onílé ní Èkìtì

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé kámẹ́rà sí ilé adìyẹ, sí ẹnu géètì tàbí sí ibi tí ẹ ń sá kòkó, ẹ bi ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó: ibo ni fídíò tó bá yà yóò máa wà? Ó lè wà lọ́dọ̀ yín, lórí mẹ́mọ́rì káàdì inú kámẹ́rà tàbí nínú àpótí DVR tàbí NVR, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba fídíò àwọn kámẹ́rà pa mọ́. Ó sì lè gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà, èyí tí wọ́n ń pè ní cloud, tí ẹ ó máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò dátà

Kámẹ́rà 1080p (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe mọ́ tó) tó ń lo 2Mbps (ìwọ̀n dátà tó ń kó jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan), tó ń yà tọ̀sán-tòru, yóò kó nǹkan bí 21GB jọ lójúmọ́. Lóṣù, ó ti lé ní 600GB. Ta ló fẹ́ ra irú dátà bẹ́ẹ̀ nítorí ilé adìyẹ? Ìdí nìyí tí cloud fi dára fún kìkì ìgbà tí nǹkan bá rìn kọjá. Fídíò ogún ìṣẹ́jú àáyá kò ju 5MB lọ. Bí irú rẹ̀ 40 bá wáyé lójúmọ́, nǹkan bí 6GB ni lóṣù. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ lè sọ ogójì di irinwó. Bí kámẹ́rà yín bá lè dá ènìyàn mọ̀, ẹ tan ìyẹn, kí ẹ sì fi ojú rẹ̀ mọ sí ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn dátà, nẹ́tíwọ̀kì. Ilẹ̀ olókè ni tiwa. Ó lè já fáfá ní Adó, kí ẹ wọ oko kan lẹ́yìn àpáta, kí ìpè gan-an má wọlé. Ẹ mú síìmù tí ẹ fẹ́ lò dúró níbi tí kámẹ́rà yóò wà, lálẹ́, kí ẹ fi fídíò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bí kò bá lọ, ẹ má san owó cloud fún ibẹ̀.

Èyí tó wà lọ́dọ̀ yín

Káàdì 128GB yóò gba nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún ààbọ̀ ní ìwọ̀n tí a sọ yẹn, lẹ́yìn náà ni yóò máa pa ti àtijọ́ rẹ́ láti fi tuntun sí i. Ẹni tó bá rìnrìn-àjò ọ̀sẹ̀ méjì lè dé bá ilé tí olè ti jà, kó má sì bá fídíò ọjọ́ náà mọ́. Bí kámẹ́rà bá ní H.265, ìyẹn ọ̀nà tí ó ń gbà fún fídíò pọ̀, ẹ lò ó. Ó lè dín àyè tí fídíò ń gbà kù tó ìdajì. Káàdì tí wọ́n kọ High Endurance sí lára ni kí ẹ rà, nítorí àkọtúnkọ máa ń tètè pa káàdì lásán.

Olè lè gbé káàdì àti àpótí lọ, ẹ̀rí a sì bá a lọ. Ẹ má gbé DVR sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. Ẹ tì í mọ́ ibi tó fara sin tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, kí ẹ so òun àti ráútà mọ́ bátìrì, torí ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ ni olè ń fẹ́.

Ohun tí mo gbà yín níyànjú

Ẹ fi káàdì sínú gbogbo kámẹ́rà, kí ẹ wá san owó cloud fún ẹyọ kan péré: èyí tó ń rí ojú ẹni tó bá wọlé. Bí olè bá tilẹ̀ já a lulẹ̀, àwòrán rẹ̀ lè ti lọ sórí cloud. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ cloud iye ọjọ́ tí wọ́n ń tọ́jú fídíò, àti bóyá dọ́là ni wọ́n fi ń gba owó, torí náírà tí ẹ ó san lè yí padà. Ẹ yí páṣíwọọ̀dù tó bá kámẹ́rà wá kúrò lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e kọ́, ẹ má sì dojú rẹ̀ kọ àgbàlá aládùúgbò.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ gba fídíò náà sórí fóònù lọ́jọ́ náà gan-an kí ẹ tó lọ bá ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 gba ohun tí kọ̀ǹpútà gbé jáde ní ilé ẹjọ́, bí a bá fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Nítorí náà, ẹ máa yẹ aago kámẹ́rà wò lóṣooṣù, pàápàá lẹ́yìn tí iná bá ti lọ pẹ́, kí ọjọ́ àti àkókò tó wà lórí fídíò má lọ yàtọ̀ sí ti ọjọ́ tí olè wọlé.