Bí ẹ bá fẹ́ dá ìgbìmọ̀ àdúgbò sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé owó

Owó ló ń tú ìpàdé àdúgbò ká, kì í ṣe ọ̀tá. Mo ń ta ọ̀dà, ìṣó àti símẹ́ńtì ní Gáà-Akanbi níbí, ní Ìlọrin, èmi náà sì ni akápò àdúgbò wa. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó ń fún mi ní kọ́bọ̀. Gbogbo wa la mọ òwe àgbájọ ọwọ́ pa. Ẹni tó máa jókòó kọ orúkọ ẹni tó san àti ẹni tí kò san sílẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni sí ìpàdé, ẹ lọ rí Mágàjí, alángùá tàbí báálẹ̀ tó ń mójú tó ibi tí ẹ wà. Ẹni mẹ́ta ti tó láti lọ. Ẹ mú góòrò dání, ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ gọ́tà lẹ fẹ́ ṣe, ẹ ò wá du oyè. Abẹ́ Balógun mẹ́rin, ìyẹn Gàmbàrí, Fúlàní, Ajíkóbì àti Àlànàmú, ni ètò ìlú yìí wà tipẹ́, bí àdúgbò yín tiẹ̀ jẹ́ tuntun, tí àwọn ará Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Ògbómọ̀ṣọ́ sì kún inú rẹ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ yà lọ́dọ̀ lèmọ́mù àti pásítọ̀, torí ẹnu wọn ni ìkéde yín máa gbà jáde. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló dára jù fún ìpàdé: àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ti dé, àwọn onímọ́ṣáláṣí ti kí ìrun Àlàásárì. Ẹ jẹ́ kó parí kí ìrun Mọ̀gàríbì tó dé. Ìpàdé tó bá wọ òru, àwọn obìnrin ò ní padà wá síbẹ̀.

Ẹ má ṣe é ní ìpàdé onílé nìkan. Ní àdúgbò bíi tiwa, ayálégbé ló pọ̀ jù, ọmọ ayálégbé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tí ẹ ń ráhùn pé wọ́n ń jókòó sí ìkóríta. Ṣé bàbá wọn ò ní lẹ́nu nínú ìpàdé, kí ẹ wá máa bèèrè owó ọlọ́dẹ lọ́wọ́ rẹ̀? Mo ti gbọ́ kí onílé kan sọ pé àlejò ni ayálégbé. Àlejò tó ti lo ọdún mọ́kànlá nínú yàrá yẹn!

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má dìbò, ẹ má sì kọ òfin. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ mú. Gọ́tà ni mo máa ń dá lábàá, kí ẹ sì ṣe é nínú oṣù Kẹta, torí ní oṣù Kẹrin ni òjò máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, bó bá sì di oṣù Kẹsàn-án, ẹni tó ń gbé nítòsí odò Asa mọ ohun tí mò ń sọ. Ohun tó ń ba iṣẹ́ gọ́tà jẹ́ ni ẹrẹ̀ tí wọ́n kó jáde sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Òjò kan ṣoṣo ló máa dá gbogbo rẹ̀ padà. Kí ẹ tó mú ọjọ́ iṣẹ́, ẹ ti bá ẹni tó máa fi ọkọ̀ kó o lọ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì ti mọ iye tó máa gbà. Ṣọ́bìrì tí ẹ bá rà, ẹ fi ọ̀dà pupa kun ọwọ́ rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣọ́bìrì àdúgbò á di ti ẹnìkan kí ọdún tó yí.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ yẹn lẹ máa rí àwọn tó yẹ kí ẹ fi joyè. Ẹni tó kọ́kọ́ dé, ẹni tó gbé omi wá, ọmọ tó wọnú ẹrẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Ẹ dìbò lẹ́yìn ìyẹn.

Wàyí o, owó. Tiwa jẹ́ ₦500 lóṣù fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. A yọ àwọn opó àti arúgbó tí kò lẹ́nìkan kúrò, a ò sì ka orúkọ wọn síta. Ẹ ra ìwé rìsíìtì oníbejì: ọ̀kan fún ẹni tó san, èkejì kù sínú ìwé. Akápò ò gbọdọ̀ gba owó lójú ọ̀nà, ìbáà jẹ́ èèyàn rẹ̀ ló fẹ́ fún un. Níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mo gbé pátákó kan kọ́ tí mo fi ọ̀dà dúdú kùn, ẹfun ni mo fi ń kọ ọ́: iye tó wọlé lóṣù yìí, iye tó jáde, ohun tí a fi ṣe, iye tó kù. Ẹnikẹ́ni tó bá wá ra ìṣó ló ń kà á. Àwọn kan bínú ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní mò ń tú àṣírí àdúgbò. Àwọn yẹn náà ló kọ́kọ́ máa ń dúró wo pátákó báyìí.

Bí owó bá ti ń pọ̀, ẹ gbé e lọ sí báńkì, kí ẹni mẹ́ta máa buwọ́ lù ú, kí méjì nínú wọn tó láti gba owó. Báńkì máa bèèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ẹ lè kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀ka ìdàgbàsókè ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí wọ́n mọ̀ yín. Tí ẹ bá fẹ́ ti CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, abẹ́ CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti 2020, ló wà. Ẹ máa fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, wọ́n á sì dúró fún ọjọ́ 28 bóyá ẹnikẹ́ni ní àtakò. Owó ń lọ sí i, torí náà ẹ má sáré. Àdúgbò tí kò tíì kó gọ́tà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kò nílò CAC.

Ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọkàn yín wà. Ilé-iṣẹ́ IBEDC ló ń pín iná fún wa ní Kwara, àjọ NERC tó ń ṣàkóso wọn sì ti sọ pé kì í ṣe ojúṣe oníbàárà láti ra tiransifọ́mà tàbí òpó. Bí òkùnkùn bá wá le tí ẹ fẹ́ dáwó rà á, ẹ bá wọn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ná, kí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà san owó yín padà wà nínú rẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí owó.

Ibi tí mo fẹ́ jókòó sí nìyí: àwọn ọmọ wa.

Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ kì í rántí wọn àfi bí a bá fẹ́ to àga. Ẹ fún wọn ní ipò tó ní iṣẹ́ nínú. Akọ̀wé wa kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọ̀dọ́ kan sì wà lára àwọn tó ń buwọ́ lu owó. Àgbà kan ní owó á bà á lójú jẹ́. Mo ní kó dárúkọ àgbà tí owó ò lè bà lójú jẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra ìwé kan lọ́tọ̀, kí akọ̀wé lọ láti ilé dé ilé, kó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 30: ta ló wà nílé ìwé, ta ló ń kọ́ṣẹ́, ta ló jókòó sílé. Inú ìwé yẹn ni iṣẹ́ ti máa ń jáde.

Àwọn tó fẹ́ ṣe JAMB, ẹ yẹ NIN wọn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, wò. Láti 2021 ni kò ti sẹ́ni tó lè ṣe JAMB láìní in. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, àmọ́ àtúnṣe ọjọ́ ìbí ń gba owó ńlá. Ní Ìlọrin ńkọ́, níbi tí ọmọ kan ti lè jẹ́ Abdulwaheed ní ilé ìwé, Abdulwahid lórí NIN, tí ilé kéú sì tún kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀! Ẹ jẹ́ kí orúkọ bára mu kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀ fún WAEC. Àwọn tó ti wọ Unilorin, KWASU, Kwara Poly tàbí Federal Poly Ọ̀fà, ẹ sọ fún wọn nípa NELFUND, ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Kò ní èlé, ilé ìwé ni wọ́n ń san owó ilé ìwé fún tààrà, ó sì di ọdún méjì lẹ́yìn NYSC kí sísan rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, bí iṣẹ́ bá ti wà.

Fún lẹ́sìnnì àkókò ìsinmi gígùn, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá NYSC ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Gbogbo agùnbánirọ̀ tó ti Yikpata, àgọ́ NYSC ti Kwara, jáde ló ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ìlú. Ẹ bèèrè èyí tó lè kọ́ni ní ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ pèsè yàrá, ẹfun àti oúnjẹ ọ̀sán. Oúnjẹ ṣe pàtàkì, ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n.

Ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, ẹ má fi owó lé e lọ́wọ́. Ẹ wá ọ̀gá tó wà nítòsí, télọ̀, wẹ́dà, rewáyà, ahunṣọ, ẹni tí ojú yín máa tó lójoojúmọ́. Ẹ kọ ìwé àdéhùn, kí òbí, ọ̀gá, ọmọ àti akọ̀wé yín buwọ́ lù ú: ọdún mélòó, aago mélòó, pé ọ̀gá ò ní sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ nílé rẹ̀, pé ọmọ ò ní sá lọ. Ẹ san ìdajì owó ìkọ́ṣẹ́ fún ọ̀gá ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ìyókù dúró di ọjọ́ fírídọ̀mù. Irinṣẹ́ tí ẹ bá rà fún un, ẹ kọ orúkọ àdúgbò sí i lára fún ọdún kan àkọ́kọ́. Mo ti rí maṣíìnì tí wọ́n tà kí ìyàwó tuntun tó dé ilé ọkọ.

Iṣẹ́ ọlọ́dẹ, ẹ má gbé e fún ọmọ tí kò tíì pé 18. Ẹ kó orúkọ àti fọ́tò àwọn ọlọ́dẹ yín fún DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá yín, kí ẹ sì là á mọ́lẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ lu olè. Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ń mú u lọ.

Ìdìbò ti ń bọ̀ ní 2027, àwọn olóṣèlú á sì wá bá yín. Ẹ gba ohun tí wọ́n bá mú wá fún àdúgbò: kànga, iná ojú ọ̀nà, símẹ́ńtì. Ẹ kọ ọ́ sórí pátákó pẹ̀lú orúkọ ẹni tó fún yín, ẹ fún un ní rìsíìtì bíi ti gbogbo èèyàn. Owó tí wọ́n bá ní kí alága dá nìkan gbà, ẹ má jẹ́ kó wọlé. Bí wọ́n bá sì ní kí àwọn ọmọ yín kọ́kọ́ wọ fìlà ẹgbẹ́ wọn, kí wọ́n tó já símẹ́ńtì sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n máa gbé símẹ́ńtì wọn lọ. Mo ní símẹ́ńtì ní ṣọ́ọ̀bù.