Bí Mo Ṣe Parí Warehouse, School àti Hangar Nínú Tony Hawk's Pro Skater 1 + 2

Ẹni tó bá gbá Tony Hawk's Pro Skater, géèmù gígun pákó oní-táyà (skateboard), lórí PlayStation àkọ́kọ́, èyí tí Neversoft ṣe ní 1999, mọ gbogbo kọ̀rọ̀ inú Warehouse, pápá àkọ́kọ́ rẹ̀, bí ẹní mowó. Nígbà tí mo gbé àtúnṣe rẹ̀ sórí PS4 n'Íjẹ̀bú-Òde, ìyẹn 1 + 2 tí Vicarious Visions ṣe, tó jáde ní oṣù kẹsàn-án 2020, mo rí i pé ìmọ̀ àtijọ́ yẹn kò ṣòfò. Ramp, ìyẹn gèrègèrè tí à ń gùn, wà níbi tó wà, irin wà níbi tó wà, ìṣẹ́jú méjì náà ni wọ́n ń fúnni lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ la máa tún kọ́. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ 1999 gbá a yóò parí iṣẹ́ tó rọrùn, ṣùgbọ́n póìntì ńláńlá yóò máa sá fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ páàdì. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ páàdì tí à ń rà nígboro níbí, analog wọn, ọ̀pá kékeré tí à ń fi àtàǹpàkò darí, kì í sì í dúró lójú kan mọ́. Ẹ dúró jẹ́ẹ́ nínú pápá, kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò lára analog. Bí ọmọ orí pákó bá ń yí sí ẹ̀gbẹ́ kan fúnra rẹ̀, ẹ má fi analog yẹn gbá géèmù yìí. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù, ẹ lè fara dà á. Níbí, ìtẹ̀sí kékeré yẹn ló máa dà yín nù lórí irin. Bọ́tìnnì ìtọ́ka mẹ́rin tó wà lápá òsì ni èmi lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó tún sàn ju analog lọ fún manual (fífi táyà méjì péré gun pákó), torí òkè àti ilẹ̀ tí ẹ máa tẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́. Bí àtàǹpàkò bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, géèmù ò ní kà á sí manual. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ lọ síbi ètò àwòrán kí ẹ yan Game Mode. Tẹlifíṣọ̀n tó ń tún àwòrán ṣe kó tó gbé e jáde máa ń gbẹ́yìn ìka, ẹ ó sì máa rò pé ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n tẹ̀.

Ti iná náà ṣe kókó. Bí ẹ bá ń yí láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀, PS4 máa kú ni, nítorí náà mo so tèmi mọ́ inverter. Ẹni tí kò bá ní, kó má fi í sílẹ̀ ní Rest Mode. Kó pa á pátápátá. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tó ń sùn, yóò kọ́kọ́ máa yẹ ara rẹ̀ wò nígbà tí ẹ bá tún tàn án, ó sì lè ba ohun tó wà ní ìpamọ́ jẹ́.

X ni fífò: ẹ dì í mú, ọmọ náà á lóṣòó, á sì máa sáré sí i, ẹ tú u sílẹ̀, á fò. Square ń yí pákó, circle ń di pákó mú, triangle ń gun irin. Bí ẹ bá ṣe pẹ́ lórí circle tó lójú òfurufú ni póìntì ń gòkè tó, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tú u kí táyà tó kanlẹ̀. Ọwọ́ tí kò tíì kúrò lára pákó àti kíkanlẹ̀ ní ìdábùú ló ń gbéni ṣubú jù.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ wà nìyí. Géèmù ń kó póìntì gbogbo àrà tí ẹ dá nínú combo kan, ìyẹn àrà tí a so pọ̀ láìdáwọ́dúró, jọ, á wá fi iye àrà náà sọ ọ́ di púpọ̀. Ká ní àrà 4 fún yín ní 2,000, 8,000 lẹ gbà. Bí ẹ bá so 4 mìíràn mọ́ ọn tí àpapọ̀ di 4,000, ó ti di 32,000. Bí ẹ bá ṣubú kó tó parí, òdo. Àrà tí ẹ bá sì ń dá léraléra, póìntì rẹ̀ ń wálẹ̀ ni, nítorí náà ẹ máa yí ìtọ́ka padà. Nínú ti 1999, bí táyà bá ti kanlẹ̀, combo parí nìyẹn. Géèmù ìkejì, ní 2000, ló mú manual wá; ìkẹta, ní 2001, ló mú revert wá, yíyí pákó gbìrì bí ẹ bá ti bọ́ padà sórí ramp. Àtúnṣe yìí kó méjèèjì wọ inú àwọn pápá 1999 tí wọn kò kọ́ fún wọn rárá, ìdí nìyẹn tí Warehouse fi di ibi tuntun lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ẹ gun ramp, ẹ fò, ẹ dá àrà. Bí táyà ṣe fẹnu kan ramp padà, ẹ tẹ R2: pákó á yí gbìrì. Kíá, òkè, ilẹ̀: manual. Ó ti wà lórí táyà méjì, òṣùwọ̀n á sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọfà bá ń lọ sókè, ẹ fọwọ́ kan ìtọ́ka ilẹ̀ fẹ́rẹ́. Ẹ má dì í mú, torí bí ẹ bá dì í mú, á já sí òdì kejì. Manual tó bá ti pẹ́ á máa le sí i, nítorí náà ẹ má dúró lórí rẹ̀. Ẹ fò, ẹ yí pákó lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún mú manual tàbí kí ẹ bọ́ sórí irin. Bí ẹ bá tẹ R2 ṣáájú kíkanlẹ̀, géèmù lè rò pé ẹ fẹ́ rékọjá sí ramp òdì kejì, torí bọ́tìnnì kan náà ló wà fún un. Láti mọ ọ̀nà yìí, mo lọ sínú Game Mods, níbi tí a ti ń mú géèmù rọrùn, mo tan èyí tí kì í jẹ́ kí manual yẹ̀, mo fi wo irin wo ló tẹ̀lé ramp wo, lẹ́yìn náà mo pa á.

Ní Warehouse, mo ya póìntì sọ́tọ̀ kúrò lára ìkójọ. Lẹ́tà S-K-A-T-E gbọ́dọ̀ pé nínú ìṣẹ́jú méjì kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ni àpótí 5 tí ẹ máa fọ́. Bí ó bá ku ẹyọ kan tí àkókò tán, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá ti parí, parí ni. Kò sídìí láti fi gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nínú ti àtijọ́, 5,000 ni póìntì àkọ́kọ́ tí wọ́n ń béèrè, 15,000 sì ni èyí tó tẹ̀lé e, tí wọ́n ń pè ní pro, àfi kéèyàn máa lọ máa bọ̀ lórí ramp kó tó kó o jọ. Pẹ̀lú revert àti manual, ìlà kan ṣoṣo tó dáa lè gbà á. Bí àkókò bá sì tán nígbà tí combo ṣì ń lọ, ẹ má bẹ̀rù: géèmù ń dúró kí ẹ parí rẹ̀.

School ní Miami kò ní wàhálà púpọ̀. Tábìlì 5 ni ẹ máa gùn, ẹ sáà ti gbà á lóròó, kì í ṣe níbùú.

Hangar, pápá tó bẹ̀rẹ̀ géèmù ìkejì, ló ń dán ìka wò. Wọ́n ní kí ẹ ṣe nosegrind, ìyẹn fífi iwájú pákó gun irin, lórí irin tó gba òkè páìpù kọjá. Triangle nìkan yóò fún yín ní 50-50, gígun irin lásán, wọn ò sì ní ka iṣẹ́ náà. Òkè pẹ̀lú triangle ni nosegrind, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti dì òkè mú kí ẹ tó fọwọ́ kan irin. School II, pápá mìíràn nínú géèmù ìkejì, náà ní irú rẹ̀: níbi tí ẹ ti máa fò lórí òrùlé tí wọ́n ń pè ní TC, àfi kickflip (irú yíyí pákó kan) ní pàtó, òsì pẹ̀lú square fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Fún agogo 5 tó wà lára ògiri rẹ̀, ẹ fò sí ògiri ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ di triangle mú. Bí ẹ bá dojú kọ ọ́ tààrà, kò ní gùn ún.

Níbi ìdíje, bíi Skate Park ní Chicago, ìgbà mẹ́ta lẹ máa gùn, méjì tó dáa jù ni wọ́n ń kà, ìṣubú sì ń dín máàkì kù. Níbẹ̀, combo kúkúrú tó mọ́ sàn ju gígùn tó já lọ.

Bí páàdì bá pé méjì nílé, ẹ wọ Graffiti, eré ẹni méjì. Ohunkóhun tí ẹ bá dá àrà lé á gba àwọ̀ yín, irin, ramp, ohun gbogbo. Ẹnikejì lè gbà á lọ́wọ́ yín bí combo tirẹ̀ bá ju tiyín lọ, nítorí náà irin tó gùn jù nínú pápá ni kí ẹ fi ìlà yín tó dáa jù lé.