Bí Mo Ṣe Yan Ẹ́ńjìnì Tó Lágbára Tó Láti Fa Àwọn Ọmọ Mi Lórí Ski

Minnesota ní Amẹ́ríkà là ń gbé, níbi tí adágún omi pọ̀ débi pé kò sí kíláàsì tí ẹ ò ti ní rí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi. Ibí yìí náà ni eré orí ski ojú omi ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1922, ní Lake Pepin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ralph Samuelson so pákó méjì, ìyẹn ski, mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ fà á, ó sì dúró lórí omi. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ wọn làwọn ọmọ mi ti kọ́ ọ, ó sì wọ̀ wọ́n lára. Nígbà tí mo wá ra ọkọ̀ alumíníọ̀mù àlòkù kan, ẹsẹ̀ bàtà 17 ní gígùn, tí ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn rẹ̀ ti kú pátápátá, ẹ́ńjìnì tí màá so mọ́ ọn ló wá di àròjinlẹ̀. Mò ń kọ èyí torí ó wù mí kí àwọn ìdílé wa níbí máa wọ omi yìí, kí wọ́n má kàn máa dúró wò ó létí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni àwo pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi ìwakọ̀. Òfin Amẹ́ríkà ló ní kí ọkọ̀ bíi tèmi, tí gígùn rẹ̀ ò tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ní in. Iye èèyàn, ìwọ̀n ẹrù, àti horsepower (ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnì) tí ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá ló wà lára rẹ̀. Tèmi kọ 115. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kọjá iye yẹn rárá. Ìdí ọkọ̀ lè má lè gbé e, bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, àwọn ìnṣọ́ránsì lè kọ̀ láti sanwó.

Lójú mi, ẹ́ńjìnì horsepower 60 ti tó, torí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú wa níbí tó ti kọ́ṣẹ́ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́ kó tó rìnrìn àjò. Mo pè é kó wá bá mi wo ọkọ̀ náà. Ó yí i po, ó ní, "Àbúrò, 60 á gbé ọkọ̀ yìí sáré dáadáa. Ṣùgbọ́n ṣé ọkọ̀ nìkan lo fẹ́ gbé?"

Àlàyé tó ṣe fún mi nìyí, mo sì ti fojú ara mi rí i pé òótọ́ ni. Eré tí ski ń fẹ́ kò pọ̀. Ọmọdé ń rìn dáadáa lórí ski méjì ní máìlì 13 sí 16 ní wákàtí kan. Àgbà tó ń kọ́ ọ ò nílò ju bíi 20 sí 25 lọ. Kódà, àwọn ọkùnrin tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì sórí pákó kan ṣoṣo díje kì í kọjá 36. Ibi tí wàhálà wà ni ìgbéra. Ẹni tí ẹ fẹ́ fà lóṣòó sínú omi, omi ń tì í láyà, ó ń ti pákó ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní àkókò kan náà, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣì rì sínú omi, imú rẹ̀ ń wo òkè. Ẹ́ńjìnì ní láti gbé àwọn méjèèjì jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ó bá falẹ̀, apá onítọ̀hún á rẹ̀, á mu omi, á sì ju okùn sílẹ̀.

Nítorí náà, mo ro ìwọ̀n gbogbo ohun tó máa wà nínú ọkọ̀ pọ̀. Ara ọkọ̀ jẹ́ pọ́ùn 1,100. Ẹ́ńjìnì, nǹkan bíi 360. Gálọ̀nù epo kan wúwo tó pọ́ùn 6, èmi sì ń gbé 20, ìyẹn 120. Bátìrì, ìdákọ̀ró, okùn àti ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì jẹ́ 150. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ méjì tó ń dúró de tiwọn jẹ́ 600. Gbogbo rẹ̀ di 2,330, ẹni tó wà nínú omi ò sí níbẹ̀. Pẹ̀lú 115, horsepower kọ̀ọ̀kan ń ru pọ́ùn 20. Pẹ̀lú 90, ó ń ru 26. Pẹ̀lú 60, bí ẹ tiẹ̀ yọ ìwọ̀n tí ẹ́ńjìnì kékeré fi fúyẹ́ jù, ó ń ru 37. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa máa ń sọ pé kó má ju bíi 25 lọ fún ọkọ̀ tó fẹ́ fa èèyàn.

Ó wá ku 90 àti 115. Ti Mercury ni mo ń wò, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ẹ́ńjìnì onílítà 2.1 kan náà, ìwọ̀n wọn ò yàtọ̀ síra: pọ́ùn 359. Kò sí ẹrù kankan tí 115 máa fi kún ìdí ọkọ̀, owó nìkan ni. Mo san án. Mo sì ti wọn gíga ìdí ọkọ̀ kí n tó sanwó, íǹṣì 20, torí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ bá a mu.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dáwọ́ dúró nìyẹn, bẹ́ẹ̀ propeller, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú omi tó sì ń ti ọkọ̀, ló kù. Èyí tó bá ẹ́ńjìnì wá ní pitch 19, ìyẹn ni pé bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kó ti ọkọ̀ síwájú ní íǹṣì 19. Bí pitch bá ga, ọkọ̀ á sáré lórí omi tó tẹ́jú. Bí ó bá kéré, á tètè gbéra. Mo kó àwọn èèyàn mi sínú ọkọ̀, mo tẹná dópin, ẹ́ńjìnì yí dé 5,300 ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó ṣe é ní láàárín 5,000 sí 6,000 ló yẹ kó wà. Ẹ̀gbọ́n ní kí n lọ gba 17, torí íǹṣì pitch kan tí ẹ bá dín máa ń fi nǹkan bíi 150 sí 200 kún iye tí ẹ́ńjìnì ń yí. Ó di bíi 5,650. Eré wa lápapọ̀ dín díẹ̀, kò sì dùn wá, torí ìyàtọ̀ tó wà nínú ìgbéra hàn kedere sí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀.

Okùn wa gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 75. Mo fi okùn kúkúrú kan so òrùka méjì tó wà ní ìdí ọkọ̀ pọ̀, mo sì so okùn gígùn mọ́ àárín rẹ̀, kó má baà máa fa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sì jìnnà sí propeller. Ìyàwó mi ló ń kọjú sẹ́yìn wo ọmọ. Mo máa ń rọra lọ títí okùn á fi nà tán, ọmọ á kígbe "Ó yá!", ìgbà náà ni mo tó ń tẹná. Nígbà tí mo bá padà lọ gbé e, pípa ni mò ń pa ẹ́ńjìnì kó tó sún mọ́ ọkọ̀.

Bí àwo ọkọ̀ yín bá kọ 60, ọmọdé ni kí ẹ máa fà, kí ó má ju ẹ̀yin àti ẹni tó ń wo ẹ̀yìn lọ nínú ọkọ̀, kí ẹ gbé ìwọ̀nba epo, kí ẹ sì wá propeller tí pitch rẹ̀ kéré. Ski tó fẹ̀ máa ń ràn án lọ́wọ́ gan-an, torí ó tètè ń gun orí omi.