Alẹ́jì oúnjẹ: ẹ má fi ìbẹ̀rù pa ọmọ lébi

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Alẹ́jì, ìyẹn kí ara ọmọ máa kọ oúnjẹ kan, máa ń fa ọmọ sẹ́yìn lóòótọ́, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, oúnjẹ tá a gbà lọ́wọ́ ẹ̀ tá ò fi nǹkan gidi rọ́pò ló ń jẹ́ kó rù.

Ẹ wo mílíìkì màlúù. Ọmọ mu ún, ara ẹ̀ sú, ó ń bì, nígbà míì ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ ẹ̀ jáde, ni wọ́n bá dá mílíìkì dúró, kí ni wọ́n wá ń fún un? Ògì lásán, láàárọ̀ lálẹ́. Purotéènì, èròjà tó ń mú ara dàgbà, ò tó nǹkan nínú ògì, ọmọ á yó o, àmọ́ tó bá pẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ á wú, irun ẹ̀ á pọ́n, kwashiorkor nìyẹn, àìsàn àìjẹunre kánú. Kódà ní Amẹ́ríkà àwọn dókítà ti rí ọmọ tó ní in torí pé mílíìkì ìrẹsì, ìyẹn omi ìrẹsì tí wọ́n ṣe bíi mílíìkì, ni wọ́n fi rọ́pò. Ẹ má sì sá lọ bá mílíìkì ewúrẹ́ o, purotéènì ẹ̀ jọ ti màlúù gan-an, ara tó kọ ọ̀kan sábà máa ń kọ èkejì.

Ẹ má já ọmọ lẹ́nu ọmú torí alẹ́jì. Dókítà lè ní kí ìyá fúnra ẹ̀ yẹra fún mílíìkì, tàbí kó kọ fọ́múlà àwọn ọmọ alẹ́jì, ìyẹn mílíìkì ọmọ inú agolo tí wọ́n dìídì ṣe fún wọn, fún yín, ìyẹn sì wọ́n gan-an. Ọmọ tó ti ń jẹun, ẹ máa fún un ní ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, èyí tára ẹ̀ bá gbà.

Àwọn míì, ara ọmọ yún lẹ́ẹ̀kan péré, aládùúgbò sọ̀rọ̀, wọ́n yọ ẹyin, ẹ̀pà, ẹja, gbogbo ẹ̀ pátá! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ohun tó jẹ sílẹ̀ àti bó ṣe pẹ́ tó kára ẹ̀ tó yí padà, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún dókítà. Àmọ́ tójú tàbí ètè bá wú tí ò lè mí dáadáa, ọsíbítù lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀pà náà, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní London, tó jáde lọ́dún 2015, fi hàn pé àwọn ọmọ tí alẹ́jì lè tètè mú, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ kí wọ́n tó pé ọdún kan, alẹ́jì ẹ̀pà ò wọ́pọ̀ láàárín wọn bíi tàwọn tí wọ́n fi dù. Lílọ̀ ni o, ẹ má fún ọmọdé ní odidi, ó lè há a lọ́fun. Tó bá ti ní ẹ́kísímà (àìsàn awọ ara tó ń gbẹ, tó sì ń yún) tó le tàbí alẹ́jì ẹyin, ẹ bi dókítà ná.

Ẹ máa gbé e lọ wọn ìwọ̀n ẹ̀ déédéé, kẹ́ ẹ sì rántí pé alẹ́jì mílíìkì àti ẹyin máa ń lọ lára ọ̀pọ̀ ọmọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà, torí náà ẹ má fi oúnjẹ dù ú títí ayé, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n lè tún un dán wò, dókítà ló máa sọ bóyá ọsíbítù ni wọ́n ti máa ṣe é.