Bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ yọ omi lára ẹran ara, tí a sì ń fi ìda rọ́pò rẹ̀ fún àyẹ̀wò

Bí dókítà bá gé díẹ̀ lára kókó tó yọ sí aláìsàn lára, tó ní kí a wò ó bóyá jẹjẹrẹ ni, ẹran yẹn kò ṣeé gbé sábẹ́ máíkírósíkóòpù bó ṣe wà. Omi ló kún inú rẹ̀, ó rọ̀, abẹ kò sì lè gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ìdá 4 nínú 1,000 mìlímítà kan. Àfi kí omi jáde, kí ìda paraffin sì wọlé dípò rẹ̀. Omi àti ìda kì í bára wọn pò, ìdí nìyẹn tí ẹran fi ń gba inú oríṣiríṣi kẹ́míkà kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́.

Formalin ló ṣíwájú, òun ló ń dá ìjẹrà dúró. Ẹ lo èyí tó jẹ́ ìdá 10 nínú 100, tí iyọ̀ phosphate wà nínú rẹ̀, kí ó tó ìlọ́po 15 sí 20 ẹran náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọra. Bí ẹran bá tóbi, ẹ là á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ á le, inú á ti máa rà. Ọmú tí wọ́n máa yẹ họ́mọ̀nù rẹ̀ wò kò gbọdọ̀ lò dín ní wákàtí 6 nínú formalin, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ.

Lẹ́yìn náà ni gígé, níbi tí mo ti rí i pé iṣẹ́ ń bàjẹ́ jù lọ. Kí ègé kankan má nípọn ju mìlímítà 3 sí 4 lọ. Mo rántí ègé ọmú kan tí ọ̀rá kún inú rẹ̀, tí mo gé nípọn nítorí pé iṣẹ́ kún ọwọ́ mi. Nígbà tí mo gé e lórí ẹ̀rọ tí ń gé ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ọjọ́ kejì, tí mo tẹ́ ẹ sójú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, àárín rẹ̀ túká, ihò ló kù. Ibi tó túká yẹn gan-an ni dókítà fẹ́ rí. Bí ẹ bá dé kásẹ́ẹ̀tì (àpótí oníke kékeré oníhò tí a ń kó ègé ẹran sí), tí ẹ tún ṣí i, tí ẹ rí àmì ihò rẹ̀ lára ẹran, ẹ tún un gé, ó ti nípọn jù. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà sára kásẹ́ẹ̀tì, nítorí ethanol, ọtí líle tí ń fa omi jáde lára ẹran, máa ń fọ tádàwà bíírò nù, ẹran tí kò ní nọ́ńbà kò sì ní ẹni tó ni ín mọ́.

Ó wá kan ẹ̀rọ. Ẹ̀yà kan ń gbé agbọ̀n kásẹ́ẹ̀tì láti inú ike kan bọ́ sí òmíràn. Èkejì ní àpótí kan ṣoṣo tí kẹ́míkà ń wọ̀ tó sì ń jáde níbẹ̀. Ètò òru kan tó wọ́pọ̀ fún ẹ̀rọ oní-ike 12 rèé: formalin, ethanol 70, 80 àti 95 nínú 100, ethanol pátápátá (tí kò ní omi) lẹ́ẹ̀mẹta, xylene lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo wọn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ìda lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí méjì-méjì. Wákàtí 14 ni. Tí ẹ bá tan ẹ̀rọ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, aago méje òwúrọ̀ ló máa parí.

Ẹ má fo ethanol tí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ẹran bá ti inú formalin bọ́ sínú ethanol tó le lójijì, ó máa súnkì, iyọ̀ phosphate sì máa dì. Xylene ló ń mú ethanol kúrò, kí ìda lè ráàyè wọlé. Ẹ jẹ́ kí ìda gbóná ju ibi tó ti ń yọ́ lọ ní ìwọ̀n 2 tàbí 3 péré. Bí ó bá ń yọ́ ní 56°C, 58 sí 59 tó. Ẹran kéékèèké tí a fi abẹ́rẹ́ mú gbọ́dọ̀ ní ètò kúkúrú tirẹ̀, nítorí pé ní òru gígùn á gan, á sì máa fọ́ bí àkàrà gbígbẹ.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ rí i pé kẹ́míkà bo kásẹ́ẹ̀tì òkè pátápátá, ìda ti yọ́ tán, iná àfẹ̀yìntì sì wà. Bí iná bá lọ nígbà tí agbọ̀n wà lókè, ẹran máa gbẹ. Ẹ kíyè sí xylene: tó bá ti funfun bíi wàrà, omi ti tẹ̀lé ẹran wọ inú rẹ̀. Ẹ da ethanol tó ṣíwájú nínú àwọn pátápátá nù, ẹ sún àwọn yòókù síwájú, kí ẹ sì fi tuntun sí ìkẹyìn. Ẹ máa wọ ìbọ̀wọ́, kí atẹ́gùn wọ yàrá, kí iná má sún mọ́ xylene.

Ní òwúrọ̀, ẹ fi ìka tẹ ẹran. Tó bá ṣì rọ̀ tàbí tó ń rùn xylene, ẹ má tíì dà á sínú bulọ́ọ̀kù (ìda tó dì yí ẹran ká). Ẹ yọ́ ìda rẹ̀, ẹ dá a padà sínú xylene, lẹ́yìn náà sínú ethanol pátápátá, kí ẹ sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ibẹ̀. Èyí tó le, tó mọ́lẹ̀ kedere, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú abọ́ kékeré tí a fi ń da bulọ́ọ̀kù, ẹ da ìda bò ó, kí ẹ sì gbé e sórí àwo tútù títí tí á fi dì.