Ìṣirò Páìpù àti Táǹkì: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Máàkì Yín

Páìpù A nìkan máa ń fi wákàtí 6 rọ omi kún táǹkì kan. Páìpù B nìkan máa ń fi wákàtí 4 rọ ọ́ kún. Bí a bá ṣí méjèèjì pa pọ̀, wákàtí mélòó ni yóò gbà?

Ìdáhùn tí mo máa ń rí jù nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni 10. Èyí tó tẹ̀lé e ni 5. Ẹni tó kọ 10 ro 6 mọ́ 4. Ẹni tó kọ 5 rò ó pọ̀ tán, ó tún pín in sí méjì. Kò sí èyí tó bi ara rẹ̀ léèrè pé: nígbà tí B nìkan lè parí iṣẹ́ ní wákàtí 4, ṣé ẹni tó wá ràn án lọ́wọ́ ló wá fà á sẹ́yìn ni?

Ẹ má ro wákàtí pọ̀. Iye iṣẹ́ tí páìpù kọ̀ọ̀kan ń ṣe láàárín wákàtí kan ni kí ẹ rò pọ̀. A ń ṣe 1/6, B ń ṣe 1/4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5/12. Bí ìdá bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ kàn sọ pé táǹkì náà ń gba lítà 12. A ń rọ lítà 2 ní wákàtí kan, B ń rọ lítà 3, àwọn méjèèjì ń rọ lítà 5. Ẹ wá fi 5 pín 12. Ó parí.

Ṣùgbọ́n àwọn kan á dé orí 5/12, wọ́n á fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì pa ìwé dé. Ìyẹn kì í ṣe àkókò. Apá táǹkì tó ń kún ní wákàtí kan ni. Ẹ yí i padà kó di 12/5, ìyẹn wákàtí 2.4. Ibí yìí gan-an ni èmi náà ti ṣubú rí: mo kọ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40. Ẹ fi 60 sọ 0.4 di púpọ̀, ìṣẹ́jú 24 ni yóò fún yín.

Ìṣirò yìí kì í ṣe tòní. Ìwé ìṣirò àtijọ́ kan láti ilẹ̀ Ṣáínà, tó ti lé ní 1,700 ọdún, ní irú rẹ̀ tó ní ojú omi márùn-ún: èkíní ń fi ìdá mẹ́ta ọjọ́ kan kún adágún, èkejì ọjọ́ 1, ẹ̀kẹta ọjọ́ 2½, ẹ̀kẹrin ọjọ́ 3, ẹ̀karùn-ún ọjọ́ 5. Ìdáhùn rẹ̀ ni 15/74 ọjọ́, kò tó wákàtí 5. Èyí tó yára jù nínú wọn ń lo wákàtí 8, nítorí náà ìdáhùn náà bọ́gbọ́n mu.

Tí páìpù kan bá ń da omi nù, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ká ní èyí tó ń rọ omi ń lo wákàtí 3, èyí tó ń gbẹ ẹ́ ń lo 5. Ẹni tó bá rò ó pọ̀ á rí 8/15, ìyẹn ni pé táǹkì á kún kí wákàtí 2 tó pé. Àṣé dída omi nù ló ń mú táǹkì tètè kún! 1/3 − 1/5 jẹ́ 2/15, ó sì di wákàtí 7½.

Bí ìyọkúrò bá fún yín ní àmì òdì ńkọ́? Ẹni tó ń rọ ń lo 6, ẹni tó ń gbẹ ń lo 4: −1/12. Ẹ má jí àmì yẹn gbé kí ẹ wá kọ wákàtí 12 pé táǹkì á kún. Kò ní kún láéláé. Táǹkì tó ti kún tẹ́lẹ̀ ni yóò gbẹ ní wákàtí 12. Tó bá jẹ́ ààbọ̀ ló wà níbẹ̀, wákàtí 6.

Èyí tó le jù lójú mi ni ti ihò. Páìpù kan ń fi wákàtí 8 kún táǹkì, ṣùgbọ́n nítorí pé táǹkì ń jò, ó gba 10. Wákàtí mélòó ni ihò náà yóò fi gbẹ táǹkì tó kún? Ọ̀pọ̀ á sáré kọ 2. Ẹ sọ pé lítà 40 ni táǹkì: páìpù ń rọ lítà 5 ní wákàtí kan, lítà 4 péré ló ń dúró. Lítà 1 ni ihò ń jẹ. Wákàtí 40.

Tí ìbéèrè bá fi wákàtí fún páìpù kan, tó fi ìṣẹ́jú fún èkejì, ẹ sọ wọ́n di ọ̀kan náà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí tí wọn kò ṣí pa pọ̀. Ká padà sí A àti B: A nìkan ṣiṣẹ́ fún wákàtí 2 kí B tó dara pọ̀ mọ́ ọn. Ìdá kan nínú mẹ́ta ti kún, 2/3 ló kù, òun ni ẹ ó fi 5/12 pín, kì í ṣe odindi 1. Ó jẹ́ wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 36. Bí wọ́n bá ń bèèrè láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí B, ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí. Bí ó bá jẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí A, wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 36 ni.