Mo Mọ Ẹ̀tọ́ Mi: Kí Ni Ìwé Òfin Amẹ́ríkà Fún Àlejò Gan-an?

“Mo mọ ẹ̀tọ́ mi.” Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà máa ń gbọ́ lẹ́nu tọmọdé tàgbà nìyẹn. Kì í pẹ́ tí àwa náà fi ń bá wọn sọ ọ́, tá a ó sì máa rò pé ohun tó bá ti jẹ́ ẹ̀tọ́, ìjọba gbọ́dọ̀ gbé e lé wa lọ́wọ́. Èyí tí kò bá sì jẹ́ ẹ̀tọ́, wọ́n lè gbà á nígbàkígbà tó bá wù wọ́n. Méjèèjì ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo àtúnṣe mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kún ìwé òfin ilẹ̀ náà lọ́dún 1791. Ẹ ò ní rí ilé, oúnjẹ tàbí iṣẹ́ níbẹ̀. Ìjọba ni wọ́n ń kìlọ̀ fún: má ṣe pa aráàlú lẹ́nu mọ́, má ṣe ṣàdédé yẹ ilé rẹ̀ wò, má ṣe fipá mú un jẹ́rìí ta ko ara rẹ̀. Ìjọba ni o, kì í ṣe ilé iṣẹ́ aládàáni. Ẹni tó bú ọ̀gá rẹ̀ lórí Facebook tí wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé òfin yẹn kò lè gbà á.

Kódà ẹ̀kọ́ kò sí nínú ìwé òfin àpapọ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1973. Ìwé òfin ìpínlẹ̀ ló mú kí ilé ìwé ọ̀fẹ́ wà. (Ẹni tó bá mọ Orí Kejì ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, tó ṣèlérí ẹ̀kọ́ tí a kò sì lè torí ẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́, kò ní yà á lẹ́nu.) Ṣùgbọ́n lọ́dún 1982, ilé ẹjọ́ kan náà ní ìpínlẹ̀ tó ṣílẹ̀kùn ilé ìwé fún àwọn ọmọ kò lè ti ọmọ tí kò ní ìwé ìgbélùú mọ́ta. Nítorí náà, ẹ má torí àìní ìwé ìgbélùú fi ọmọ sílé.

Ibi kan wà tí ìjọba ti ń fowó ti ẹ̀tọ́ lẹ́yìn. Láti ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dá ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gideon lọ́dún 1963, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn tó lágbára kàn tí kò lówó lọ́yà, ìjọba ni yóò wá lọ́yà fún un. Ẹ má gbé ìrètí yìí lọ sílé ẹjọ́ àwọn aṣíwọ̀lú o. Ẹ lè mú lọ́yà wá síbẹ̀, àpò yín ló máa ti jáde, àyàfi tí ẹ bá rí ẹgbẹ́ aláàánú kan.

Ta ni àwọn ẹ̀tọ́ yìí wà fún? Àtúnṣe kẹrìnlá, ti ọdún 1868, kò sọ pé ọmọ onílẹ̀, ìyẹn ẹni tí òfin kà sí ọmọ Amẹ́ríkà, nìkan. “Ẹnikẹ́ni” ló wí. Alágbàfọ̀ ará Ṣáínà kan ní San Francisco, Yick Wo, ló fi ìyẹn jà lọ́dún 1886, nígbà tí ìlú ń fún àwọn òyìnbó ní ìwé àṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n sì ń fi du àwọn ará Ṣáínà. Ó jàre.

Èyí wúlò lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Tó bá dá yín dúró, ẹ fọwọ́ sórí sítíárìn, ẹ fún un ní láísẹ́ǹsì àti ìwé mọ́tò. Tó bá wá béèrè pé, “Ṣé mo lè yẹ búùtù wò?”, ẹ̀kọ́ ilé wa á fẹ́ ká dáhùn pé, “Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, sà.” Ẹ lè fọ̀wọ̀ sọ pé ẹ kò gbà. Tó bá ṣì yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má bá a jà. Iwájú adájọ́ lẹ ti máa sọ ọ́.

Láísẹ́ǹsì yẹn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àyè lásán ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, pásítọ̀ kan wà ní Georgia, Bell lorúkọ rẹ̀, tó ń fi mọ́tò yí àwọn ìgbèríko ká. Ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan gun kẹ̀kẹ́ kọ lu ẹ̀gbẹ́ mọ́tò rẹ̀. Pásítọ̀ kò ní inṣọ́ráǹsì. Ìpínlẹ̀ ní kó fi owó ìdúró sílẹ̀ tàbí kó gbàgbé láísẹ́ǹsì, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ ẹni tó jẹ̀bi. Lọ́dún 1971, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a láre: ẹni tí láísẹ́ǹsì ti di ọ̀nà àtijẹ rẹ̀, ìjọba gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kó tó gbà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ìrànwọ́ ìjọba. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní green card gbọ́dọ̀ dúró ọdún márùn-ún kó tó kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n tó bá ti bọ́ sí yín lọ́wọ́, wọn ò lè dákẹ́ gé e. Ẹ ka lẹ́tà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ dé ìsàlẹ̀; ọjọ́ tí àyè àtibèèrè fún ìgbẹ́jọ́ yóò parí wà níbẹ̀. Tí ẹ bá tètè bèèrè, owó náà lè máa wọlé títí wọ́n fi máa gbọ́ ẹjọ́ yín, ṣùgbọ́n wọ́n lè ní kí ẹ dá a padà tí ẹ bá jẹ̀bi.

Ìdìbò nìkan ni ẹ má fi ṣeré rárá. Ní ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì, wọ́n á béèrè bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, bí ẹni pé ó kan gbogbo èèyàn. Ẹni tí kò tíì di ọmọ onílẹ̀, “rárá” ni ìdáhùn, torí wọ́n lè torí ìbò kan ṣoṣo dá a padà sílé. Tí orúkọ yín bá ti ṣèèṣì wọ ibẹ̀, ẹ lọ rí lọ́yà aṣíwọ̀lú kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ àtidi ọmọ onílẹ̀.